Títẹ píánò ní Ìkẹ́rẹ́, títẹ píánò ní Leipzig

Onígángan á gbé ìlù rẹ̀ kọ́ apá, á dé òde, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi ò lè gbé irinṣẹ́ tèmi lọ síbì kankan. Píánò ńlá tí Steinway ń ṣe ní Hamburg fún gbọ̀ngàn eré gùn ní sẹ̀ǹtímítà 274, ó sì wúwo tó nǹkan bí kílò 480. Ohun tí mo bá bá níbi tí mo lọ ni mo máa tẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn tó yí píánò ká ni ìgbé ayé atẹpíánò wà, ibẹ̀ gan-an ni Èkìtì àti Jámánì ti yàtọ̀ jù lójú mi.

Aládùúgbò ni kí n fi ṣáájú. Ní Ìkẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ariwo mi ti pọ̀ jù. Ta ló tiẹ̀ máa gbọ́ mi? Jẹnẹrétọ̀ ń ké lápá kan, wọ́n ń ṣe ìṣọ́ òru lápá kejì. Ní Leipzig, ìlú tí mo ń gbé ní Jámánì báyìí, láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, ẹ má fọwọ́ kan píánò. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ àgbà ilẹ̀ Jámánì dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń fun trumpet nílé. Wọ́n ní a ò lè ní kó má fun ún rárá, àmọ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ́jọ́ iṣẹ́, ọ̀kan sí méjì ní Sọ́ńdè, ló bójú mu. Gbogbo olórin tó ń gbé nínú fúláàtì ló mọ ẹjọ́ yẹn. Wákàtí mẹ́ta ò sì tó ẹni tó fẹ́ lọ jókòó síwájú èrò, torí náà mo ń háyà yàrá láti fi dánra wò. (Iyán pàápàá, mi ò jẹ́ gún un ní Sọ́ńdè.)

Ọ̀rọ̀ iyán yìí náà, ìjà ni láàárín èmi àti ìyá mi. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí kì í gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́, wọn kì í gbé ẹrù wúwo, nítorí ìka. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nílé, ìyá mi ní, “Ọmọ Èkìtì tí kò lè gúnyán? Ẹ gbé odó fún un.” Mo gún un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò tiẹ̀ bá ti ọwọ́ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá pè ló máa ń béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe.

“Píánò ni mo ń tẹ̀, sà.”

“Mo ti gbọ́ ìyẹn. Iṣẹ́ ńkọ́?”

Ẹ má bínú sí wọn, kì í ṣe eré orí ìtàgé nìkan ló ń bọ́ mi lóòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń kọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Àmọ́ àjọ kan wà níbí tó ń jẹ́ Künstlersozialkasse, láti 1983 ló ti wà: ìdajì owó ìlera àti ti ìfẹ̀yìntì ni olórin ń san, ìjọba àti àwọn tó ń lo iṣẹ́ wa ń san ìyókù. Ní Ìkẹ́rẹ́, bára atẹdùùrù ò bá yá, ìjọ ló ń dáwó.

Ti àwọn tó ń gbọ́ orin ló dùn mọ́ mi jù. Lọ́dọ̀ wa, bó bá wọ̀ wọ́n lára, wọn ò ní dúró kó tán. Ìyá ìjọ kan á dìde, á wá lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, á ní kí n padà síbi tó dùn un. Níbí, bí apá àkọ́kọ́ orin bá parí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́. Ikọ́ ni wọ́n ń wú! Gbogbo èyí tí wọ́n ti há mọ́ ọ̀fun látẹ̀yìn ni wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fún orin Bach, tó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Thomas nílùú yìí láti 1723 títí tó fi kú ní 1750, ìdákẹ́jẹ́ wọn ni mo fẹ́. Fún orin Akin Euba, ọmọ Yorùbá tó kọ orin fún píánò, ẹ gbé mi padà sílé. Euba ní a lè mú kí píánò sọ̀rọ̀ bí ìlù, ó ṣe tán, òòlù ló ń lu okùn nínú rẹ̀. Àwọn ará ibí á máa ka iye ìlù náà lórí ìka. Ní Ìkẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ á ti gbé e kí n tó tẹ ìlà kejì. Àwọn ìyá wa tó ń kọrin ní ohùn méjì tó ń bára rìn, láìsí ìwé, láìsí ọ̀gá kúáyà, etí wọn kò kéré.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Píánò fẹ́ kí ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín 40 sí 60 nínú 100. Ọyẹ́ ń gbẹ pákó rẹ̀ títí tó fi sán, òjò ń mú un wú, ikán sì ń dúró dè é. Ẹ má rò pé Jámánì sàn: ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbẹ yàrá mi nígbà òtútù bí ọyẹ́ gan-an. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí okùn bá dẹ̀ níbí, mo pe ẹni tó ń tún un ṣe lónìí, ó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nǹkan bí okùn 230 ló wà níbẹ̀, agbára tí wọ́n fi ń fa irin inú rẹ̀ sì tó bíi tọ́ọ̀nù 20. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn ní sípánà. Ìbàdàn tàbí Èkó la ti máa ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wá sí Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí owó mọ́tò rẹ̀ bá pé. Bí kò bá pé, àwọn èèyàn á fi aṣọ bo píánò, wọ́n á gbé kíbọ́ọ̀dù ka orí rẹ̀.

Àwọn tó mọ píánò tẹ̀ kò wọ́n wa l'Ékìtì. Ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ ló wọ́n. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Jámánì, apá kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, apá kan nílé ìwé ní Ludwigsburg. Káfíńtà kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní Ìkẹ́rẹ́, ohùn tẹ́nọ̀ ló ń kọ, etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó ti ń kọ́ èdè Jámánì. Èmi sì ń bá a wá ọ̀gá tó máa gbà á.