Ìlú àbí ìlù?

Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá òru ku díẹ̀

Òjò ti dá. Iná ò sí láti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì kọ̀ǹpútà ṣì kù díẹ̀, fóònù mi ni mo sì fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì. Orin méje la fẹ́ gbé sókè lálẹ́ yìí. Mo ti fi earpiece gbọ́ gbogbo wọn tán, mo tún fi fóònù lásán gbọ́ wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa yóò ṣe gbọ́ ọ.

Márùn-ún ni wá lórí iṣẹ́ yìí, gbogbo wa ò sì tíì jókòó pọ̀ rí. Èmi ni mò ń kọrin, Ìbàdàn ni mo wà. Bàbá tó ń lu ìyáàlù wà ní Ọ̀yọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń gba ohùn ìlù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta gìtá bass wà ní Peckham ní London. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ìdájí tí wọ́n bá wọlé ni wọ́n ń ki wáyà bọ gìtá. Ẹni tó ń po gbogbo ohùn pọ̀ wà ní Salvador, ní Bahia, ní Brazil. Wákàtí mẹ́rin la fi ṣáájú rẹ̀: tí aago mọ́kànlá bá lù níbí, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lu méje alẹ́ ni.

Oṣù Kẹta ọdún 2024 la bẹ̀rẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀wọ́n káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohùn ìlù àkọ́kọ́ wà nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kò rọ́nà jáde. Ọmọ-ọmọ Bàbá kó o sínú flash, ó fún awakọ̀ kan, mo sì lọ dúró dè é ní gáréèjì Òjòó. Àpò àyà ni ọkùnrin náà ti yọ ọ́. Ó ti fi ọ̀rá pure water wé e ní ìlọ́po mẹ́ta kí omi má baà kàn án. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Àdúrà tí mo gbà fún un lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbà á.

Clíkì ló kọ́kọ́ fẹ́ tú wa ká. Nígbà tí kálukú bá dá wà nínú yàrá tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sí ohun kan tí gbogbo wa ń tẹ̀lé: tó-tó-tó tí kọ̀ǹpútà ń lù, 96 ní ìṣẹ́jú kan. Bàbá fi sétí, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní, "Ta ló ń lu ìyẹn? Kò gbọ́ wa." Òótọ́ ni. Ìyáàlù máa ń dúró de olórin. Bí mo bá fa ọ̀rọ̀ gùn, á bá mi fà á. Clíkì ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ló wá ọgbọ́n dá. Ó fi clíkì sí etí ara rẹ̀, ó gbé gúdúgúdú kọ́rùn, ó jókòó kojú Bàbá, ó ń fi bíláálà awọ méjèèjì tẹ̀lé e. Ohùn mi nìkan ló wà létí Bàbá. Gúdúgúdú kì í yẹsẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ látayébáyé nìyẹn. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n fa ọṣán, ìlù bá dáhùn.

Ṣùgbọ́n orin kẹta ni ò jẹ́ kí n sùn láti àná. Ọ̀rẹ́ wa ní Salvador fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó dùn. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ṣọwọ́ sí Ọ̀yọ́. Kò pé wákàtí kan tí Bàbá fi pè mí, wọn ò tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán.

"Ìwọ ọmọ yìí, èwo lo sọ nínú méjèèjì, ìlú àbí ìlù?"

Mo ní, "Ìlù ni, Bàbá."

"Èmi lu ìlù. Lọ gbọ́ ẹnu ara rẹ."

Mo padà lọ gbọ́ ọ. "Ìlù dé, ẹ ṣílẹ̀kùn" ni mo kọ, dò-dò-mí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni dò-mí-mí: ìlú dé. Ìlù ní ká ṣílẹ̀kùn fún ayọ̀. Ẹnu mi ní gbogbo ìlú ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹni. Lẹ́yìn ẹnu mi, ìlù Bàbá ṣì ń sọ dò-dò-mí láìyẹ̀. Èmi tí mo kọ orin náà ò gbọ́ àṣìṣe yẹn, torí ọkàn mi ti mọ ohun tó yẹ kí etí gbọ́.

Mo bi ọ̀rẹ́ wa. Ó ní ohùn yẹn ò bá bass mu létí òun, òun sì fi ọwọ́ gbé e sókè nínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé kò mọ Yorùbá rárá. Ilé Candomblé ti Ketu, ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn èèyàn wa gbé dé Brazil, ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ ń kọ orin Ọ̀ṣun àti ti Ṣàngó tí èmi náà lè mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn. Ṣùgbọ́n láti ayé tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú ré òkun kọjá, Potogí ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà. Ọ̀rọ̀ kù, ohùn ọ̀rọ̀ ṣí kúrò lára rẹ̀.

Mo gba ohùn mi sórí WhatsApp fún un: ìlú, ìlù, ìlú, ìlù. Kò dáhùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí èsì dé, ìbéèrè ni: ṣé àwọn orin ìyá òun náà lè ti máa sọ ohun mìíràn látọjọ́ yìí? Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn pẹ́. Mo sọ fún un pé àwọn tí ìyá rẹ̀ ń kọ ọ́ sí mọ ohùn ọmọ wọn. Ó dá mi lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń dùn mí síbẹ̀.

Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ orin méjèèje ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo wọn. Mo fi àmì sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. A tún rí ibi kan sí i nínú orin kẹfà. Kí àwọn orin tó tún ṣe tó dé lálẹ́ yìí, ó kọ́kọ́ fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́, ó ń pe "ìlù dé" lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Ó ku ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ń bá wa pín orin ní ká kún. Orin kọ̀ọ̀kan ní ISRC tirẹ̀, àmì ìdánimọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá, kí owó orin lè mọ ọ̀nà ilé. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó kọ orin la ti dúró. Ẹ̀gbọ́n ní onílù, owó iṣẹ́ òòjọ́ la máa ń san fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, nínú orin mẹ́ta, ìlù ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀, èmi ni mo gbè é." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Kọ orúkọ Bàbá sí i." Bàbá ní kí a kọ ọ́ pé, kí a má gé Àyàn kúrò níwájú rẹ̀. Ímeèlì ọmọ-ọmọ wọn la fi sí i.

Orin karùn-ún ti gòkè. Bátìrì ku ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn á gbé ẹ̀kẹfà. Tí iná ò bá dé, ilé ẹlẹ́rọ amúnáwá tó wà níwájú yìí ni màá gbé kọ̀ǹpútà lọ láàárọ̀ fún ti ìkẹyìn.