Àyẹ̀wò Ọdún 2024: Ẹlẹ́kọ Ni Mo Jèrè

Ọdún ti ń kógbá sílé, kálukú ń ka ohun tó rí gbà nínú rẹ̀. Èmi náà fẹ́ ka tèmi, àmọ́ ẹ má retí mọ́tò tàbí ilẹ̀. Ìjọba sọ owó-oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà lóṣù Keje, tiwa náà gbéra díẹ̀, ọjà sì gba gbogbo rẹ̀ padà. Ara le, àwọn ọmọ ń lọ ilé-ìwé, a dúpẹ́.

Èrè mi gan-an lọ́dún yìí ni ìsọ̀ ẹlẹ́kọ kan ní Kubwa.

Ẹni tó ń gbé Kubwa, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú Àbújá, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ta ló fẹ́ ráàyè dáná? Oúnjẹ ò wọ́n létí títì o: kosai, àkàrà àwọn Hausa, ń bẹ, masa, àkàrà ìrẹsì wọn, ń bẹ, àwọn mai shayi, àwọn ọlọ́tíì, náà ń po tíì wọn. Mi ò sì ní í bú kókó àwọn Hausa láé. Jéró ni wọ́n fi ń ṣe é, atalẹ̀ àti kànáfùrù inú rẹ̀ á máa jó èèyàn lọ́fun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ògì àgbàdo tó kan dáadáa ni mo mọ̀, pẹ̀lú àkàrà elépo tí wọn ò lọ ata rẹ̀ kúnná.

Aládùúgbò mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos, ló júwe Màmá ẹlẹ́kọ yìí fún mi. Ìdí agbada ni mo máa ń dúró sí. Wọ́n á fi ọmọ odó lu ẹ̀wà lílọ̀ náà títí á fi wú, wọ́n á wá ju kínún sínú omi. Tó bá léfòó, ó yá. Tó bá rì, ó tún di lílù. Màmá á ní, "Ọkọ mi, ṣé iṣẹ́ lò ń lọ àbí àkàrà lò ń ṣọ́?"

Nígbà tí ẹ̀wà gbówó lórí, Màmá ò fowó kún àkàrà. Àkàrà náà ló ń rù. Bàbá kan ní kí wọ́n kúkú máa kà á fún òun bí oògùn.

Àwọn bàbá tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìsọ̀ Màmá ni ìdajì adùn ibẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kó wọn wá nígbà tí olú-ìlú kúrò l'Ékòó lóṣù Kejìlá 1991. Wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí, wọn ò sì padà sílé. Lọ́dọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ nípa ilé tí mo ń gbé báyìí, mi ò san kọ́bọ̀ fún ejẹ́ǹtì. Àwọn náà ló júwe mẹkáníìkì tí kì í purọ́ fún mi (wọ́n wà o!). Nígbà tí wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin inú ìlú lóṣù Karùn-ún, tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, àwọn bàbá wọ̀nyí gùn ún dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n tún gùn ún padà, láìrin ìrìnàjò kankan.

Ohun kan ṣoṣo tí èmi àti Màmá ń bára wa fà ni ewé. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń di ẹ̀kọ jíjẹ sí. Wọ́n ní inú igbó ìhà Gúúsù ni ewé eéran ti ń hù, ọ̀dàn la wà níbí, ewé tí mọ́tò bá kó dé á ti wọ́n ju ẹ̀kọ inú rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ̀kọ inú ọ̀rá ń làágùn ṣáá ni, kò ní òórùn ẹ̀kọ. Mi ò tíì gbà.

Màmá ti lọ ṣọdún nílé, ní Ifẹ̀. Mo ti fún wọn lówó ewé.