Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ultrasound ọpọlọ: ẹ jẹ́ kí sham yín dún bí ojúlówó

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀kan nínú yín fi ètò ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tó ti kọ ọ́ pé "fún sham, a ó kàn pa ẹ̀rọ", àyà mi já. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Sham ni ìtọ́jú àfarawé tí a máa ń fi wé ojúlówó, olùkópa kò sì gbọdọ̀ dá a mọ̀ yàtọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ultrasound tí kò lágbára púpọ̀ là ń sọ, ìró tí à ń rán gba agbárí wọ inú ọpọlọ láti dín ìrora kù, kì í ṣe èyí tí àwọn ará Zurich ròyìn ní 2009 pé àwọn fi jó ojú ibì kan nínú thalamus, ní àárín ọpọlọ, nítorí ìrora.

Ẹ̀kọ́ kìíní: agbárí kò bára mu. Bó ṣe nípọn tó àti bó ṣe tẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ìró máa balẹ̀ sí. Ẹ gba CT (àwòrán egungun orí) olùkópa bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi k-Wave, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọ̀nà tí ìró ń gbà, ṣírò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé e lórí. Mechanical index, òṣùwọ̀n ewu tí agbára ìró lè ṣe fún ara, kò gbọdọ̀ kọjá 1.9, ooru ọpọlọ kò sì gbọdọ̀ fi ohun tó ju 2°C lọ pọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó parí.

Ẹ̀kọ́ kejì: irun. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wa. Ìhó díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ti tó láti dá ìró padà. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó dirun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú ìwé, wọ́n ní wàhálà wọn ti pọ̀ jù. Wàhálà kí ni? Òòyà onírù, omi díẹ̀, jẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti yọ ìhó inú rẹ̀, àti sùúrù. Ta ló dàgbà sílé Yorùbá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń la irun? Bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra jù ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá lé wọn jáde nínú ìwádìí ìrora nítorí irun!

Ẹ̀kọ́ kẹta ni sham, ibẹ̀ ni mo fẹ́ fìdí kalẹ̀ sí.

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohun tó bá ti kọjá 20 kHz, ìyẹn ìgbọ̀n 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa máa ń wà ní nǹkan bí 500 kHz, nítorí náà ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ a kì í tan ẹ̀rọ kalẹ̀ kó máa lọ. À ń tàn án, à ń pa á, nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ṣe ń tàn tó ń kú lójijì bẹ́ẹ̀, agbárí á máa gbọ̀n, egungun á gbé e dé inú etí, olùkópa á sì gbọ́ ìró 1 kHz tó ń han tín-ín-rín. Ní 2018, ìwádìí méjì jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Neuron, ọ̀kan lórí eku, èkejì lórí ẹmọ́ òyìnbó (guinea pig). Nígbà tí wọ́n gé iṣan tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ àwọn ẹmọ́ wọ̀nyí, ohun tí ultrasound ń ṣe nínú ọpọlọ wọn pòórá.

Mo tẹ pépà méjèèjì, mo gbé wọn lọ bá ọ̀gá. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ mi: bóyá, bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ká wo ọ̀rọ̀ ìró yìí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní eku kì í ṣe ènìyàn, ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Olùkópa wa kan wà, ìyá àgbà kan tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ kan, bí jẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣàn lọ sí ọrùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ tàn án lónìí o! Mo ń gbọ́ ọ bí ẹ̀fọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kẹ́kẹ́ pa." Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo fi í-méèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ó fèsì pé ẹnì kan péré kò lè ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìyá náà pè wá lọ́jọ́ kejì pé òun sùn mọ́jú. Gbogbo láàbù ń yọ̀. Nígbà tí èsì jáde, ó dára dé ibi tó ń dẹ́rù bani: ìrora àwọn olùkópa já wálẹ̀ lẹ́yìn ojúlówó, lẹ́yìn sham wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. A kọ pépà, a fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè ohun kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ẹ bi àwọn olùkópa léèrè èyí tí wọ́n rò pé àwọn gbà? A kò bi wọ́n. Ìgbà tí a padà pè wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló mọ̀. Pépà kú síbẹ̀, owó ìwádìí kò sì wá mọ́. Nínú ìpàdé ẹ̀ka wa, ọ̀gá ní èmi ni ètò sham wà lọ́wọ́ mi. Í-méèlì mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ o! Mi ò tíì gbàgbé, mi ò sì ní díbọ́n fún yín pé mo ti gbàgbé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nídìí ìrora, ìrètí fúnra rẹ̀ oògùn ni. Ní 1978, Levine, Gordon àti Fields fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín wọn ní naloxone, tó máa ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn oògùn ìrora tí ọpọlọ ń pò fúnra rẹ̀. Ìrora àwọn tí oògùn asán ti tù lára sì pọ̀ sí i. Nítorí náà ìyá yẹn kò purọ́, ara tù ú lóòótọ́. Àmọ́ kí ló tù ú lára, ẹ̀rọ wa ni tàbí ẹ̀fọn? A sọ agbára láti mọ̀ ọ́n nù. Ẹni tí ìrora bá ti di bárakú sí lára lè ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ìtọ́jú. Ẹ má lọ ta ẹ̀fọn fún un.

Mo gba iṣẹ́ yìí gbọ́. Ní 2024, ikọ̀ Jan Kubanek ní Utah fi ultrasound kan anterior cingulate cortex, apá kan nínú ọpọlọ tó ń kópa nínú ìrora, lára àwọn ènìyàn 20. Lọ́jọ́ kejì, ìdá 60 nínú 100 ní ìrora àwọn dín kù débi tó níláárí, nígbà tó jẹ́ ìdá 15 fún sham. Ikọ̀ Wynn Legon ní Virginia dojú kọ insula, apá ọpọlọ mìíràn tó ń kópa nínú ìrora, lára àwọn onílera 23, ìrora ooru sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máàkì kan dín kù lórí òṣùwọ̀n 0 sí 9. Kékeré ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì tó bá dùn jù ni mo máa ń fura sí.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí pulse, ìyẹn ìró kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ ń rán jáde, máa gòkè díẹ̀díẹ̀ kó máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀, dípò kó máa já lójijì. Ẹ fi ìró tó jọ tirẹ̀ sí wọn létí nínú ojúlówó àti nínú sham. Bí ẹ bá sì fẹ́ kìlọ̀ fún ọ̀gá, ẹ má lo "bóyá" tí èmi lò; ẹ kọ ọ́ ní í-méèlì, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì nínú ẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ẹ bi olùkópa léèrè èyí tó rò pé òun gbà àti bó ṣe dá a lójú tó. Kó tó dìde lórí àga ni kí ẹ bi í. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tí ara tù á ní ojúlówó lòun gbà, ẹni tí kò tù á ní sham ni, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá etí wọn ló sọ fún wọn tàbí ẹ̀yìn wọn.