Àbúrò mi fi ìṣirò nà mí lálẹ́ òní

Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá alẹ́.

Wọ́n ti múná lọ látìrọ̀lẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí èmi àti àbúrò mi ń bára wa fà á lórí WhatsApp. Mo ṣáà ní Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Houston Rockets, ju David Robinson ti San Antonio lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo PER wọn ná."

John Hollinger, òǹkọ̀wé kan lórí básíkẹ́ẹ̀tì, ló gbé ìṣirò PER yìí kalẹ̀. Á kó gbogbo iṣẹ́ rere tí agbábọ́ọ̀lù ṣe jọ, á yọ àṣìṣe rẹ̀ kúrò, á wá pín in sórí ìṣẹ́jú tó lò lórí pápá. Ẹni tí kò dára jù, tí kò sì burú jù, 15 ni tiẹ̀. Ní gbogbo sáà tí wọ́n gbá, Hakeem ní 23.6, Robinson ní 26.2. Mo bá sá lọ sídìí Win Shares, tó ń wo ipa ẹnì kan nínú ayò tí ikọ̀ rẹ̀ jẹ. Ibẹ̀ tún burú: 162.8 sí 178.7, bẹ́ẹ̀ iye ayò tí Hakeem gbá fi ohun tó lé ní igba ju ti Robinson lọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ bu omi mu.

Mo padà dé, mo rán an létí ọdún 1995. Robinson ni MVP, agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ, lọ́dún yẹn, òun àti Hakeem sì pàdé kó tó di àṣekágbá. Hakeem á kẹ̀yìn sí i, á mi èjìká bí ẹni tó fẹ́ yí sọ́tùn-ún, Robinson á fò sókè, kó tó balẹ̀ ọ̀gbẹ́ni ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Dream Shake ni wọ́n ń pè é. Ayò mẹ́fà, Rockets jẹ mẹ́rin.

"Ayò mẹ́fà péré? Ṣebí 82 ni wọ́n ń gbá ní sáà kan."

Òótọ́ ni, kò kàn dùn létí ni.

Ibi tí mi ò ti gbà fún un ni abẹ́ àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù 3,830 ni Hakeem gbá dànù mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọsílẹ̀ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, PER sì kà á fún un. Ẹni tó sáré dé abẹ́ àwọ̀n, tó rí Hakeem, tó yáa dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn ńkọ́? Ta ló kọ ìyẹn sílẹ̀? Mo ṣí fídíò àtijọ́ kan, mo mú bíró, mo ń fa ìlà sẹ́yìn rìsíìtì nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sá bẹ́ẹ̀. Mo fa méje, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

"Ó dáa o. Ẹ wá bá mi ka ti Robinson náà."

Bátìrì mi ku 4%.