Ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá

Ọjọ́ Ajé

Fáìlì kan padà sórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ti kọ B.U. sí i, déètì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàkà l'Àkúrẹ́ rí yóò mọ̀ ọ́n: kí n gbé fáìlì náà padà wá lọ́jọ́ yẹn, wọn ìbáà rántí, wọn ìbáà má rántí. K.I.V. ní kí a ṣì máa fojú sí i. P.A. ní kí n tọ́jú rẹ̀, ó ti parí. Iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ọ̀gá wà nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ju inú táìpù lọ, bẹ́ẹ̀ táìpù làwọn èèyàn rò pé à ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo ní dáyárì tí mo ń kọ B.U. sí. Ọjọ́ méjì ṣáájú èyí tí ọ̀gá dá ni mo máa ń kọ ọ́ sí, torí fáìlì lè wà lọ́dọ̀ àwọn akáǹtì, kí wọ́n má sì tíì kọ ohunkóhun sínú ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní fóònù òun á dún tí àsìkò bá tó. Ó dáa. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ ọ́fíìsì tí fáìlì há sí, kò sì lè lọ bẹ ẹni tó jókòó lé e.

Òun náà ló ń wo ìwé mi nípàdé, tó ní ṣé àwòrán ni mò ń yà ni. Ṣọ́tìhándì Pitman ni, àmì tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ kíákíá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọdún 1837 ni Isaac Pitman tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìró ni à ń kọ níbẹ̀, a kì í wo sípẹ́lì. Ìlà tínrín ni P. Tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ ìlà kan náà kó nípọn díẹ̀, ó ti di B nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni T àti D. Tí ọ̀rọ̀ bá ń sáré, a ó fi àmì fáwẹ́lì sílẹ̀. Ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ sí, lókè ìlà ìwé, lórí rẹ̀ tàbí kó gba àárín rẹ̀ kọjá, ni yóò sọ fáwẹ́lì tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní fóònù lè gba ohùn sílẹ̀. Ìpàdé wákàtí méjì, wàá tún fi wákàtí méjì gbọ́ ọ. Tí ọ̀gá bá sì ní "ẹ má kọ ìyẹn o", fóònù ti gbà á ná.

Nípàdé lónìí, àgbà méjì fi òwe bú ara wọn dáadáa (ó dùn ún gbọ́, ẹ má parọ́). Nínú mínìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpàdé, gbólóhùn kan ni: ìgbìmọ̀ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ìpinnu, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é parí. Ẹni tí yóò ka mínìtì lọ́dún tó ń bọ̀ kò nílò èébú yẹn.

Ọ̀sán ni bàbá kan dé láti Ìdànrè, láìsí àdéhùn.

"Mo mọ bàbá ọ̀gá yín. Sọ fún un pé mo dé."

Mo kúnlẹ̀, mo gbé àga fún wọn. "Ẹ kú ìrìn, sà. Ọ̀gá wà, àmọ́ wọ́n wà pẹ̀lú àlejò." N kì í sọ pé ọ̀gá ò sí nígbà tí wọ́n wà, ilẹ̀kùn yóò ṣí, wọn yóò jáde, ojú á sì tì wá. Mo bi wọ́n ní ohun tó gbé wọn wá. Owó ìfẹ̀yìntì ni. Ọ̀gá ì bá kàn fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó wà nísàlẹ̀ ni, èmi náà ló sì máa mú wọn lọ. Mo pe ọ́fíìsì náà kọ́kọ́, kí wọ́n wá fáìlì, kí bàbá má lọ jókòó lásán.

Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ la tó kan lẹ́tà ìpè àwọn ọba. Ta ni orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú nínú Déjì, Òṣemàwé, Ọlọ́wọ̀ àti Ọwá Ìdànrè? Ọ̀gá ní kí n tò ó bó ṣe yẹ. Bó ṣe yẹ kẹ̀! Mo fi álífábẹ́ẹ̀tì orúkọ ìlú tò ó, Àkúrẹ́, Ìdànrè, Òǹdó, Ọ̀wọ̀, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé bí ìlú ṣe tẹ̀ léra ní álífábẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀gá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí i.