Áyù wa ń kéré, ẹ yé bá àgbẹ̀ wí

Bí ẹ bá dúró níwájú àwọn tó ń ta áyù ní Mile 12, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn kan tí kì í tán. Oníbàárà á gbé áyù Sokoto sọ́wọ́, á ní, "Àlájì, kí ló dé tó rí wínníwínní báyìí? Ti Ṣáínà ńkọ́?" Ẹnìkan á ní ajílẹ̀ oyìnbó ló bà á jẹ́, ẹlòmíràn á ní wọn ò fín oògùn ni. Iṣẹ́ ààbò irúgbìn ni mo kọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára.

Àgbẹ̀ kì í gbin èso áyù. Ọmọ áyù tí à ń bó sọ́bẹ̀ náà ló ń tún rì mọ́lẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ inú rẹ̀ lọ́dún yìí á bá a dé oko ẹ̀ẹ̀míì, òmíràn á sì tún kún un. Onion yellow dwarf virus àti leek yellow stripe virus ló burú jù. Ìlà yẹ́lò á gba ojú ewé, áyù ò sì ní sanra, pàápàá bí méjèèjì bá pàdé lára igi kan.

Kòkòrò kékeré tí wọ́n ń pè ní aphid ló ń gbé wọn kiri. Kó sáà ti ẹnu bọ ewé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó ti kó o ràn án. Kí oògùn tó pa á, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Oko tí kò lo kẹ́míkà wù mí, torí àwọn kòkòrò tó ń pa aphid jẹ máa ń rí ibẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n bí irúgbìn bá ti ní àìsàn kó tó wọlẹ̀, oko tó lo kẹ́míkà àti èyí tí kò lò ó ò yàtọ̀.

Ohun tó ń wẹ irúgbìn mọ́ kúrò lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì ni kí wọ́n fi ewéko sínú ooru bíi 37°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n gé ṣóńṣó ibi tó ti ń hù, tí kò tó mìlímítà 1, kí wọ́n sì tọ́ ọ nínú ìgò. Fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dé ṣóńṣó yẹn.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń sebẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀: fáírọ́ọ̀sì áyù kì í ran ènìyàn.)

Àlájì ní, "Bọ̀dá, àwa tí a ò ní ìgò ńkọ́?" Mo ní kí àbúrò rẹ̀ tó ń dáko máa tètè fa èyí tí ewé rẹ̀ bá nílà tu, kó sì ṣa irúgbìn lára èyí tí ewé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kó sì gbin áyù jìnnà sí àlùbọ́sà, torí onion yellow dwarf virus yẹn ń bá àlùbọ́sà náà jà.