Ọkùnrin kékeré tó wà lára ọpọ́n ìrìbọmi

Iṣẹ́ ère ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, igi nígbà mìíràn, sìmẹ́ǹtì lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó gbà mí lọ́kàn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ọpọ́n ìrìbọmi olókùúta tí wọ́n gbẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1100 sí 1200.

Ẹ wo ti Castle Frome, ní Herefordshire. Jésù dúró sínú omi, Jòhánù wà níbẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run àti àdàbà wà lókè. Omi yẹn gan-an ló mú mi lójú. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fa ìlà yípo yípo, ọ̀kan nínú ìkejì, ó wá fi ẹja sí i, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ yí Olúwa ká. Ọmọ Òṣogbo wo ló máa rí ẹja nínú omi mímọ́ tí kò ní dúró?

Ti Eardisley kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó le. Jagunjagun méjì ń jà, ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀kọ̀, èkejì pẹ̀lú idà. Kìnnìún ńlá kan wà níbẹ̀. Jésù gbá ẹnì kan lọ́wọ́ mú, ó ń fà á yọ kúrò nínú okùn tó lọ́ mọ́ra wọn láìlópin, irú ọnà tí àwa náà ń fín sára ọpọ́n Ifá àti ilẹ̀kùn. Ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ní ó ti ń fà á jáde. Ọmọ tí wọ́n bá gbé wá ṣèrìbọmi, ìtàn ara rẹ̀ ló ti wà lára òkúta kí wọ́n tó bu omi sí i lórí. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó bá ibi tí wọ́n gbé e sí mu tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ti Bridekirk ní Cumbria ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní rune ni wọ́n fi kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Rikarth ló ṣe é. Ẹ wá wo abẹ́ àkọlé náà: ọkùnrin kékeré kan, òòlù lọ́wọ́ kan, irin ìgbẹ́nà lọ́wọ́ kejì, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó gbẹ́ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀! Lọ́dọ̀ wa, a mọ Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tí iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ wà nínú Igbó Òṣun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin láyé àtijọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, bí ọ̀nà yín bá gba Cumbria, ẹ dákun, ẹ bá mi ya ọwọ́ ọkùnrin yẹn dáadáa. Mo fẹ́ rí bó ṣe di irin rẹ̀ mú.